Ìwé Ibojì Abẹ́ Igi Àsálà

Ọjọ́ tí Ilinca kọ́kọ́ rí Valer, orí ibojì bàbá àgbà rẹ̀ ló ti bá a. Ọkùnrin gíga kan, onírun pupa, ló jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí òkúta lábẹ́ igi àsálà, tó ń fọ́ àsálà jẹ bí ẹni tó wà nílé ìyá rẹ̀. Oòrùn òwúrọ̀ ń gba àárín ewé tàn sí i lójú. Ká má parọ́, ẹwà rẹ̀ ni Ilinca kọ́kọ́ rí kí inú tó bí i.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ ò ríbi jókòó mọ́ ni? Bàbá àgbà mi ló wà lábẹ́ yín!"

"Bàbá àgbà tèmi ni o." Ọkùnrin náà fa ìwé yọ lápò. "Ẹ wò ó: ibojì kẹtàdínláàádọ́ta, Ilarion Bucur. Sípéènì ni mo wà láti ọdún mẹ́wàá. Ìyá mi ló ní kí n wá tún ibojì wa ṣe. Èmi náà ń wò ó pé ta ni Gavril tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta yìí? Ta sì ni Eftimia?"

"Èmi nìyẹn!"

Ìyá àgbà Ilinca ló ń tẹ̀pá bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni. Bí wọ́n ti ń ṣe nílùú wọn, wọ́n ti gbẹ́ orúkọ ìyá àti ọdún ìbí rẹ̀ sára òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Ọdún ikú nìkan ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún.

"Dìde lórí ọkọ mi, jàre," ni ìyá wí. "Èmi tí mo ni ibẹ̀ gan-an ò tíì dùbúlẹ̀, ìwọ ti jókòó!"

Valer fò dìde, ó sì fi àsálà ẹ̀kúnwọ́ kan bẹ̀ ẹ́. Ìyá gbà á.

Ní ọ́fíìsì itẹ́ òkú, Pompiliu akọ̀wé ṣí ìwé ńlá, ó mirí. Òótọ́ ni Valer ń sọ. Ilarion ló ni abẹ́ igi. Gavril ló ni ìkejìdínláàádọ́ta, inú oòrùn gangan.

"Wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ni," ni ìyá wí. "Ogójì ọdún sẹ́yìn, nídìí ìgò ọtí. Ilarion ní àsálà ò ní máa já lu òun lórí títí ayé. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí."

"Ìbọwọ́ kì í ṣe òǹtẹ̀, Màmá. Àfi kí ìdílé méjèèjì fọwọ́ síwèé níwájú lọ́yà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi tí ìwé bá wí ni wọ́n máa sin yín sí."

  Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí Gavril ti kú, ọ̀sẹ̀ kan kò kọjá kí ìyá má wá sọ fún Gavril pé òun ń bọ̀ wá sùn tì í.

Ó wá ku Saveta, ìyá Valer. Saveta fàáké kọ́rí.

"Bàbá ọkọ mi mutí yó ló fi gbé ibòòji wa tọrẹ! Kí wọ́n wá hú Gavril wọn."

Valer ń bẹ ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń wá jíṣẹ́ fún Ilinca níbi tó ti ń ránṣọ. Iṣẹ́ tí kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ ń gba wákàtí méjì.

"Wọ́n tún ní rárá?"

"Wọ́n ní rárá."

"O ò sì lè fi fóònù sọ ọ́?"

"Fóònù ò ní jẹ́ kí n rí ẹ̀rín ẹ, olólùfẹ́ mi."

"Ta ni olólùfẹ́ ẹ? Ọ̀dájú, tó ń jẹun lórí òkú olókùú!" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí Saveta gbọ́ pé àwọn méjèèjì ń fẹ́ra, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti pariwo: "Ilẹ̀ ibojì ni ọmọ yẹn ń fẹ́, kì í ṣe ọmọ mi!"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ilinca lọ́kàn. "Má wá mọ́, Valer. Mo fẹ́ràn ẹ, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò ní sọ pé mo tìtorí ilẹ̀ fẹ́ ọkọ." Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìyá kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó di aṣọ ìsìnkú rẹ̀ tó ti wà nínú àpótí tipẹ́, ó gba ilé Saveta lọ, ó jókòó ti sítóòfù.

"Saveta, o kú ilé. O ò jẹ́ kí n ráyè nísàlẹ̀, mo wá wáyè lókè."

"Ẹ gbà mí o! Màmá, ẹ dákun, ẹ máa lọ sílé."

"Ilé wo? Bu ọbẹ̀ fún mi. Họ́wù! Ta ló kọ́ ẹ láti fi iyọ̀ tó báyìí sínú ẹran tí wọ́n fi ewé kábéèjì dì?"

Wọ́n jà lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ dì í, wọ́n sì ń jà nídìí ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Saveta tó ti ń dá jẹun láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ mú ìwé yẹn wá, Màmá. Nítorí yín ni o, kò kan àwọn ọmọ." Wọ́n pe lọ́yà wálé, Saveta sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Nígbà tí ìyá fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀, Saveta dì í mú. "Ṣé ẹ ti fẹ́ máa lọ ni?"

Lọ́jọ́ tí Pompiliu fi òǹtẹ̀ lu ìwé náà, Valer mú Ilinca lọ sí ibojì Ilarion nínú oòrùn. Wọ́n ti gbẹ́ orúkọ Valer àti ọdún ìbí rẹ̀ sábẹ́ ti bàbá àgbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì funfun ni wọ́n fi kọ "Ilinca" àti ọdún ìbí tirẹ̀.

"Kí ló dé tí tèmi fi jẹ́ ṣọ́ọ̀kì?"

"Torí pé mi ò tíì bi ọ́." Valer di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìwé ti parí, kò sẹ́ni tó ń du ilẹ̀ mọ́. Ìwọ nìkan ni mo ń fẹ́. Tá a bá jọ gbé ayé pẹ́, tá a gbó, tá a tọ́, ṣé wàá sùn tì mí níbí? Mo mọ̀ pé oòrùn ibẹ̀ pọ̀."

 Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ọ̀kan bọ́ sórí òkúta, èkejì tẹ̀ lé e. Ilinca já gèlè orí rẹ̀, ó fi bo orúkọ náà, ó sì fi àyà rẹ̀ tì í mọ́ ọn.

"Kí lò ń wò? Sáré lọ pe oníṣẹ́ òkúta kí òjò tó fọ̀ mí kúrò!"