Aṣọ Tí Wọ́n Fi So Bọ́tìnnì

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó agbẹ́gilére gbé omi tó lọ́ wọ́wọ́ wá fún ọkọ rẹ̀ nínú abọ́, bó ṣe máa ń ṣe. Ọkọ ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó dijú. Òlùgbóǹgbó tó ti fi ń lu irin ìgbẹ́gi láti ìgbà ọ̀dọ́ ti gba agbára ọwọ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ìka rẹ̀ kì í fẹ́ ká mọ́. Má-kánjú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn fún oníbàárà tó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn oníbàárà ò gba má-kánjú mọ́. Ìtì igi tó yẹ kó ti di ìjókòó fún ọgbà ilé ìwé kan ṣì wà lẹ́yìnkùlé, adìẹ sì ti sọ ọ́ di ibùsùn.

Ìyàwó yìí ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ. Àánú ọkọ rẹ̀ ló ṣe é. Wọ́n rí ọ̀kan rà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan tó ń kó kúrò ládùúgbò, irú èyí tí wọ́n fi ń gé irin, tó ń yí bíríbírí. Má-kánjú wá abẹ eléyín tó ń jẹ igi, ṣùgbọ́n abẹ náà tóbi ju ìbòrí irin tó yẹ kó bò ó lọ. Ó tú ìbòrí náà, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì fi abẹ náà síbẹ̀ ní ìhòòhò.

"Ìyá ọmọ mi, wá ná," ó pè. "Tí n bá tẹ bọ́tìnnì yìí mọ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí, ńṣe ni ìka ń ro mí. Bá mi wá nǹkan so ó."

"Ṣé kò léwu ṣá?"

"Ewu wo? Kó má kàn máa kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

Ìyàwó ya etí ìró àlòkù kan, ó fi so bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀. Ó so ó bí ẹni ń so ọmọ mọ́yìn: ó fà á le, ó ta á ní kókó, ó tún ta á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní aya rere lòun fẹ́. Obìnrin náà padà sídìí abọ́ tó ń fọ̀. Má-kánjú ki wáyà ẹ̀rọ náà bọ iná, ó sì gbé abẹ lé ìtì igi.

Kò pẹ́ tí ohùn ẹ̀rọ náà yí padà. Abẹ ti kọ lu kókó inú igi, ẹ̀rọ ta sókè, Má-kánjú sì jù ú sílẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀rọ tí ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ kú. Èyí ò kú. Ó ń ta pọ́ún pọ́ún nílẹ̀, ó sì bá ọwọ́ òsì rẹ̀ níbi tó fi tẹlẹ̀. Ìyàwó sáré dé, ó fẹ́ tú aṣọ tó so, àmọ́ kò síbi tí èèyàn ti lè fọwọ́ kan nǹkan náà. Ìdí iná lára ògiri ló sáré lọ, ó sì fa wáyà rẹ̀ yọ.

Nílé ìwòsàn, wọn ò rí ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò gbà là.

"Màmá, kí ló dé tí ò kú nígbà tó já bọ́?" Nọ́ọ̀sì ló béèrè, bó ṣe ń kó òwú tí ẹ̀jẹ̀ ti bà jẹ́.

"Èmi ni mo so ó, ọmọ mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi so ó."

Nọ́ọ̀sì ò bá a wí. Ó ní kó jókòó.

Nígbà tí wọ́n padà délé, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá kí wọn. Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí itan, ó wò ó títí.

"Ìyàwó wa, kì í ṣe pé ẹ̀rọ ò dáa," ó ní. "Irin ni wọ́n ṣe èyí fún. Ó lè máa sáré ju ohun tí abẹ eléyín yìí lè gbà lọ. Abẹ tí ò bá ti wọ abẹ́ ìbòrí, kì í ṣe tiẹ̀ nìyẹn. Èèkù kejì tí wọ́n fi ń di ẹ̀rọ mú náà dà? Wọ́n ti yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó rà á."

"Ọkọ mi, ìka tó ń dùn ún ńkọ́? Kí la bá ṣe?"

"Ẹ bá gbé e lọ bá dókítà. Ẹ bá lọ irin ìgbẹ́gi yẹn kó mú dáadáa, torí irin tó kú ló ń fi agbára ṣòfò. Ẹ bá fi rọ́bà wé èèkù rẹ̀ kó nípọn. Igi tútù rọ̀ ju gbígbẹ lọ, kó gbẹ́ ẹ kó tó gbẹ. Tó bá jẹ́ gígé ìtì igi ni, ẹ pe ẹni tó mọ ayùn ẹlẹ́ńjìnnì lò, kó bá a gé èyí tó pọ̀ kúrò, kí ẹ̀gbọ́n mi wá fọwọ́ parí ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bọ́tìnnì yìí, torí ọjọ́ tọ́wọ́ bá yọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é kó máa kú téèyàn bá ti fi í sílẹ̀." Ó na ọwọ́ sí aṣọ náà.

"Fi sílẹ̀," obìnrin náà wí. "Èmi ni màá tú u." Ó pẹ́ kó tó tú, nítorí ó so ó dáadáa.

Nígbà tí ọgbẹ́ jinná, Má-kánjú jókòó ti ìtì igi náà. Ó gbé irin ìgbẹ́gi lé e. Irin yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó mú un, ó tún bọ́. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó bá a di irin náà mú. Má-kánjú gbé òlùgbóǹgbó sókè, ó gbé e síbẹ̀ pẹ́. Ó wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lára irin, kò lè lù ú. Ó sọ òlùgbóǹgbó sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Jẹ́ ká wọlé," ó ní.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ó sì ti rẹ ẹnu láti máa sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi igi tàbí irin jẹun, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ yín fún kẹ́ ẹ tó rà á. Ẹ má yọ ìbòrí rẹ̀. Ẹ mú ara tó ń dùn yín lọ sílé ìwòsàn, ẹ má mú un lọ sọ́jà ẹ̀rọ. Bẹ́ ẹ bá sì délé lónìí, ẹ wo ẹ̀rọ yín. Bẹ́ ẹ bá bá aṣọ, rọ́bà tàbí okùn lára bọ́tìnnì rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn yín jù lọ ló so ó, ẹ tú u.