Ojú Tí Ń Ka Omi

Ọ̀sán gangan ni ọmọbìnrin tó ń gé jígí ojú kọ́kọ́ rí awakọ̀ omi kan. Ó ń mú ọkọ̀ èrò bọ̀ ní èbúté, ó fún ojú pọ̀ bí ẹni tó gé ọsàn kíkan jẹ.

"Bọ̀dá, kí ni mo ṣe tí ẹ fi ń fajú ro sí mi?"

"Ìwọ kọ́ o, arẹwà. Oòrùn ni. Tòkè ń jó mi, tinú omi tún ń jó mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti rí ẹran pupa tín-ín-rín tó ń wọ́ bọ̀ láti igun ojú ọ̀tún rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, eyín lèèyàn ń tọ́jú. Ta ló ń ro tojú? Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé akẹtẹ̀ kan àti jígí dúdú tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé wá fún un, kí oòrùn má baà mú ẹran náà bo ẹyinjú. Ibẹ̀ nìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Akẹtẹ̀ nìkan ni awakọ̀ ń dé. Jígí kò jáde lápò. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló kọ́ ọ pé àwọ̀ omi lawakọ̀ fi ń mọ ibi tí iyanrìn lúgọ sí. Ẹni tó bá bo ojú yóò gbé ọmọ ọlọ́mọ gun iyanrìn.

"Olólùfẹ́ mi, dídán omi ni jígí yìí ń pa, kì í pa àwọ̀ omi."

"Ṣé kí n wá sọ òkú bàbá mi di òpùrọ́?"

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ẹran náà bo ẹyinjú ọ̀tún. Ìyá ọmọbìnrin fárígá: "Mi ò bímọ kó lọ máa fa afọ́jú kiri!"

Ọ̀rọ̀ yìí ló dun awakọ̀ tó fi wọ jígí náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí èrò tó wọkọ̀. Dídán omi pòórá. Iyanrìn ìsàlẹ̀ hàn kedere ju bó ṣe rí i rí lọ, bẹ́ẹ̀ ojú òsì nìkan ló fi ń wò ó. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ọkọ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Oníṣègùn ojú ní àwọn lè gé ẹran náà, àmọ́ àpá rẹ̀ ti ba ojú ọ̀tún jẹ́. Kó yáa máa ṣọ́ òsì lọ́wọ́ oòrùn.

Ó lọ bá ọmọbìnrin lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. "Ìyá rẹ ò purọ́. Ọ̀tún ti lọ, mi ò sì mọ̀ bóyá òsì á pẹ́. Fẹ́ ẹlòmíràn. Mi ò ní bínú."

"Ẹ ò ní bínú? Èmi ńkọ́?"

Ìyá ń wò wọ́n lójú fèrèsé. Kò súre, kò sì pe ọmọ rẹ̀ padà. Ọmọbìnrin náà kúrò lápá òsì tó dúró sí, ó yí lọ sápá ọ̀tún, níbi tí ọkùnrin náà kò ti lè rí i mọ́, ó di apá rẹ̀ mú.

"Ibí ni màá máa wà," ó ní. "Ẹ fi òsì máa wo omi."