Díẹ̀díẹ̀ Ni Ẹ̀jẹ̀ Thomas Ń Ga

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé Bantè, inú abà iṣu ni Donatien wà, ó ń tẹ iṣu wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníṣòwò iṣu ni. Ó mọ̀ pé inú ni iṣu ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Fóònù dún. Thomas, àbúrò rẹ̀, ti ṣubú lẹ́bàá ọkọ̀ iṣu wọn ní Savalou. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti kú.

Ìbẹ̀rù gbá Donatien mú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń mu ọtí sodabi, tí wọ́n jọ ń fi Gwladys ṣe yẹ̀yẹ́. Nọ́ọ̀sì ni Gwladys, ọmọ àbúrò ìyá wọn. Lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì, a sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹnikẹ́ni. Bí iṣu tuntun bá ti jáde lọ́dọọdún, wọ́n á yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ lásán.

“Ẹ̀gbọ́n Thomas, ó tún fi díẹ̀ ga ju ti èṣí lọ.”

“Díẹ̀ kẹ̀? Díẹ̀ ò pa ènìyàn! Lọ wọn ti pásítọ̀, òun ló sanra.”

Bí Gwladys bá wá sọ̀rọ̀ Jésù fún wọn, ẹ̀rín Donatien ló máa ń ga jù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bí àyà rẹ̀ bá ti lù kì, á ní ikú òun ti dé nìyẹn. Ó lọ bá Gwladys.

“Àbúrò, wọ̀n ọ́n fún mi. Ṣé èmi náà ń kú lọ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, tiyín náà ń gòkè lọ́dọọdún. Kì í dunni, ṣùgbọ́n ó ń dá ọkàn lágara. Oògùn wà; a ó sì máa wọ̀n ọ́n déédéé. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa ń tẹ iṣu wò?”

Donatien mi orí.

“Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀ṣẹ̀ rí, ẹ̀gbọ́n: inú ló ti ń bẹ̀rẹ̀ bí iṣu tó ń jẹrà, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń pọ̀.”

“Bí mo bá kú lónìí, Gwladys, ibo ni mò ń lọ?”

“Ẹ bá Jésù fúnra Rẹ̀ sọ ọ́. Ó ń gbọ́.”

Ó kúnlẹ̀ nínú iyanrìn. “Jésù, èmi àti àbúrò mi ni a jọ fi Ọ́ ṣẹlẹ́yà. Ṣàánú mi.” Ẹ̀rù kò tán lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Donatien kò dá nìkan wà nínú rẹ̀ mọ́.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, díẹ̀ wo ni ìwọ ń fi ṣẹ̀fẹ̀? Thomas rò pé iṣu tuntun mìíràn á bá òun láyé. Lọ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó dìde níbi tí o jókòó sí, yí padà sí Olúwa. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Donatien gbé àga tí Thomas máa ń jókòó lé nínú abà wá sábẹ́ igi máńgòrò náà, fún àwọn tó ń dúró de Gwladys. Ó nu eruku rẹ̀ nù, ó jókòó, ó sì ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.