Òdòdó Tí Wọ́n Ń Jẹ Nílé Káfíńtà

Káfíńtà kò ṣàìsàn kó tó kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ó ń fá pákó ìlẹ̀kùn ní ìsọ̀ rẹ̀ níwájú ilé, ó sì ń súfèé. Kó tó fá ẹ̀gbẹ́ kejì tán, ó di àyà mú, ó bì, ó sì ṣubú sórí èérún pákó. Kí ìyàwó rẹ̀ tó sáré débẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń tutù. Ọmọ ogójì ọdún ni, ọkùnrin tó ń dá ru gẹdú lórí láìpe ẹnikẹ́ni.

Wọn kò tíì sin ín tán tí àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ayé ń pè ní Télọ̀, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Ẹnu Télọ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ó ní. "Ọdún mẹ́fà tí ìyàwó yìí ti wọlé wa, kò fún wa lọ́mọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàkùn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, bó ṣe ń yọ òdòdó ṣírí ṣírí. Ẹ ò ṣe bi ara yín léèrè ibi tí ọmọ wa wọlé sí?"

Láti ilé ìyá rẹ̀ ni ìyàwó ti mú ẹ̀ka ìtàkùn náà wá. Ó rì í sẹ́bàá ọgbà, ó ta okùn fún un, ó sì ń tọ́ ọ láràárọ̀ bí ẹni ń di irun ọmọ. Kí ọdún tó yí po, ó ti bo ọgbà mọ́lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni òdòdó rẹ̀ máa ń là, òórùn dídùn rẹ̀ a sì gba gbogbo òpópónà. Ìyàwó a gbé agbọ̀n, a já àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ là, a fọ̀ wọ́n, a pò wọ́n mọ́ ẹyin, a dín wọn. Ìgbà mìíràn ó máa ń dà wọ́n sínú ọbẹ̀ tó bá ku díẹ̀ kó jinná. Gbogbo ilé ló ń jẹ ẹ́. Télọ̀ gan-an máa ń fi ìka lá àwo.

Ṣùgbọ́n òórùn yẹn ń pe àdán. Ní ọjọ́ kẹrin ìsìnkú, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, Télọ̀ fa ìyá rẹ̀ dé ojú fèrèsé. Ìyàwó dúró lábẹ́ ìtàkùn nínú aṣọ dúdú, àdán mẹ́ta ń yí orí rẹ̀ ká, ẹnu rẹ̀ sì ń mì.

"Màámi, ẹ rí i? Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀."

Òkú ọkọ rẹ̀ ni ìyàwó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń bi í pé, "Ta ni kí n máa dín in fún báyìí?"

Télọ̀ kò dúró gbọ́ ìyẹn. Ó já sẹ́yìnkùlé.

"Jẹ́wọ́!"

"Àǹtí, kí ni kí n jẹ́wọ́?"

"Ibi tí o kó ọmọ àbúrò mi sí! O so wọ́n mọ́ ìtàkùn. Nígbà tó fẹ́ tú àṣírí rẹ, o pa á."

"Ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀. Ṣé ọmọ lẹ jẹ?"

Télọ̀ fọ́ ọ létí, agbọ̀n sì fò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá dúró lójú fèrèsé, ó ń wò wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ránṣẹ́ pe àbúrò bàbá wọn, Bàbá Bíríkìlà, tó jẹ́ olórí ẹbí. Kó tó dé, Télọ̀ ti kó ẹrù ìyàwó síta: àpótí, ìkòkò, ìrọ̀rí, títí kan bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ará òpópónà ti pé jọ, àwọn kan sì ti mú òkúta dání.

"Ẹ hú ìtàkùn yẹn," Télọ̀ ní, "kí ẹ sun ún lójú rẹ̀, kó sì máa lọ."

Bàbá Bíríkìlà gba ọkọ́. Ó gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó dúró.

"Ta ló ti gbẹ́ ibí ṣáájú mi?"

Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Wọ́n ti gé lára gbòǹgbò náà, ojú ọ̀bẹ sì hàn níbẹ̀ kedere. Ìyàwó sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ta ló gé e? Ìyá mi kìlọ̀ fún mi pé òdòdó rẹ̀ nìkan là ń jẹ. Májèlé ni gbòǹgbò rẹ̀! Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni á wá a dé abẹ́ ilẹ̀."

"Ẹ ò gbọ́ báyìí?" Télọ̀ pariwo. "Ó mọ̀ pé májèlé ni! Ó ti jẹ́wọ́!"

Òkúta kan fò, ó ba ìyàwó léjìká. Ẹlòmíràn ti gbé ọwọ́ sókè nígbà tí Ìyá Káfíńtà dìde lórí ẹní tó tẹ́ sí ẹ̀bá ilé.

"Ẹ sọ òkúta yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo gé e."

"Màámi, ẹ dákẹ́! Ọ̀fọ̀ ló ń dà yín láàmú."

"Ìwọ ni kó o dákẹ́! Ojoojúmọ́ lò ń sọ fún mi pé ọmọ wa wà nínú ìtàkùn. Mo ní bó bá wà níbẹ̀, kí ọmọ mi mu ún padà sára. Mo gé gbòǹgbò, mo sè é láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, mo sọ fún un pé àgbo ẹ̀yìn ríro ni. Ó ní, 'Màámi, ó korò.' Mo ní kó mu ún tán. Nígbà tó ṣubú, mo rò pé àjẹ́ ló yára ju oògùn mi lọ."

Òkúta ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá arúgbó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé èmi ni àjẹ́ náà?"

Ìyàwó kò gbé e dìde.

"Rárá, Màámi. Àjẹ́ ì bá mọ ohun tó ń ṣe."

Ó kọjú sí Télọ̀. "Àǹtí, ta ló kó ẹrù mi síta?"

Télọ̀ yí ojú sí Bàbá Bíríkìlà.

"Ẹ kó o padà," ìyàwó ní.

"Ẹbí wa..."

"Kó o," Bàbá Bíríkìlà ní.

Télọ̀ gbé ìkòkò, ó gbé àpótí, ó ń wọlé, ó ń jáde, àwọn tó pè wá wòran sì ń wò ó. Nígbà tó ku bẹ́ẹ̀dì tí Káfíńtà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó wo ojú wọn bóyá ẹnìkan á ràn án lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó mira. Ó ń wọ́ ọ lọ, ó ń mí hẹlẹ, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ń ha ilẹ̀ títí tó fi wọnú yàrá. Nígbà náà ni ìyàwó wọlé, ó ní kó jáde, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn síta.