Ọ̀rá Inú Dhondiba Ń Ránṣẹ́, Ọpọlọ Ò Gbọ́

Ní ìlú Kolhapur ní Íńdíà, tí Dhondiba bá ń bọ̀, ikùn rẹ̀ á ti wọlé, á ti bọ́ bàtà, kí òun gan-an tó yọ ní kọ́nà. Ogún ọdún ló fi ja gídígbò, tó ń mu wàrà ẹfọ̀n bí ẹni ń mu odò. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ ara ò gbọ́.

Dókítà ní kó dín oúnjẹ kù nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Oṣù kìíní, ó fọn díẹ̀. Oṣù kejì, ìwọ̀n dúró gbagidi. Sulochana ìyàwó rẹ̀ bá fura.

"Bàbá Kedar, ẹ gbé ẹnu wá." Ó ń gbóòórùn irunmú ọkọ rẹ̀.

"Ṣé o ti di ajá ni?"

"Wàrà ni mò ń wá. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ méjì péré ni mò ń fún yín. Kí ló ń bọ́ ikùn yẹn, afẹ́fẹ́?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan o!"

"Ohun tí gbogbo olè ń sọ nìyẹn."

Nírọ̀lẹ́, Sulochana fi etí sárì tó wé mọ́ra borí, ó yọ́ tẹ̀ lé e. Kọ́nà tí wọ́n ti ń fún wàrà ẹfọ̀n sínú ife lójú oníbàárà ni Dhondiba gbà lọ. "Ọwọ́ ti bà á!" ni Sulochana ní lọ́kàn. Àmọ́ ọkùnrin náà ò gba ife. Ó kàn dúró, ó ń gbé itọ́ mì. Ìgbà tó yá, oníjàkadì kan ki ike ìyẹ̀fun tí kò lórúkọ sí i lọ́wọ́.

Sulochana já a gbà. "Kí nìyí?"

"Oògùn tó ń yọ́ ọ̀rá." Ojú ti ọkùnrin tó ti dá igba ọkùnrin dùbúlẹ̀. "Ebi ń pa mí bí ẹni tí kò jẹun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, síbẹ̀ olè lo ń pè mí."

Wọ́n gbé ike náà tọ Nọ́ọ̀sì Manda lọ ní ibùdó ìlera, wọ́n sì ro ẹjọ́ wọn fún un. Ó wo ike náà bí ẹni rí paramọ́lẹ̀.

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ ò tíì lá a; kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìyá Kedar, ọkọ yín ò purọ́. Ọ̀rá kì í jókòó lásán. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé, 'Oúnjẹ wà ní àká.' Tí ọ̀rá bá pọ̀ jù, iṣẹ́ náà á pọ̀ débi pé ọpọlọ ò ní kọbi ara sí i mọ́. Tí èèyàn bá wá fọn díẹ̀, iṣẹ́ á dín kù, ọpọlọ á ní ìyàn ti mú. Á fi kún ebi, á máa ṣahun ọ̀rá tó kù."

"Ṣúgà ńkọ́?" ni Dhondiba bi í.

"Ọ̀rá tó kún jù tún ń ké gbàjarè sáwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara. Ariwo yẹn kì í jẹ́ kí iṣan àti ẹ̀dọ̀ gbọ́ràn sí ínsúlíìnì tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Ṣúgà á wá há sínú ẹ̀jẹ̀."

Sulochana yíjú sọ́kọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Mo ti forí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ebi ṣì ń pa mí o!"

"Dókítà ní ìtọ́jú fún ìyẹn náà," ni Manda wí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kì í ṣe dandan kí ẹni tó sanra jẹ́ alájẹkì. Tí ìwọ̀n bá dúró, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ yẹ ṣúgà wò, ẹ máa rìn, ẹ sùn dáadáa. Oògùn tí kò lórúkọ ni kẹ́ ẹ máa fura sí, ẹ má fura sí ẹni tí ebi ń pa.