Ẹni Tí Ó Tẹ Okùn Gìtá Mọ́lẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, ojú mi ló ṣe. Ọ̀sán gangan ni. Oorun kò kùn mí, n kò sì mutí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ wo ojú àbúrò ìyàwó mi. Ọ̀kan ló kù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Àga, tábìlì àti ilẹ̀kùn ni mo ń kàn. Ìyàwó mi ń lu gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin kan. Gìtá rẹ̀ kì í ṣe olówó ńlá. Irú èyí tí wọ́n máa ń tò sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Okùn rẹ̀ ga jù lórí igi, ohùn rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ó sì máa ń kùn bí oyin inú ihò igi. A jọ ń sọ pé a ó tún un ṣe. Àìsàn tó pa á kò jẹ́.

Lẹ́yìn tí a sin ín, ọmọbìnrin wa, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, gbé gìtá náà wá bá mi níbi iṣẹ́.

"Bàbá, ẹgbẹ́ Mọ́mì ní kí n wá rọ́pò wọn. Ẹ bá mi tún un ṣe."

Inú mi dùn. Ilé ti dákẹ́ jù.

Mo tú u palẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Mo fi sáńpépà ha ọrùn rẹ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀ bí awọ ọmọ ọwọ́. Mo yọ ike tí okùn ń gorí rẹ̀ kọjá, mo gbẹ́ eegun màlúù, mo fi dípò rẹ̀. Mo yọ àwọn irin tí a fi ń fa okùn le, mo de tuntun síbẹ̀. Iṣẹ́ igi nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ ni n kò mọ̀. Àbúrò ìyàwó mi ló bá wa ṣe ìyẹn. Rédíò ló ń tún ṣe ní òdìkejì títì, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Wáyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbí," ni ó wí. "Iná kì í ṣe pákó."

"Pákó kì í gbé èèyàn ṣubú bí iná."

"Ẹ lọ bi ẹni tí pákó já lé lórí."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún nínú ilé yẹn.

Wáyà yọ mágínẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ń gba ohùn okùn, ó fi èyí tó dára síbẹ̀. Ó jó gbogbo wáyà tuntun mọ́ra wọn. Ó dé e, ó de súkúrù rẹ̀. A gbé gìtá náà lé orí àga ní yàrá àlejò, a so ó mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè, a tan iná.

Ó ń kùn. Ó tilẹ̀ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Fọwọ́ kan okùn," ni Wáyà sọ fún ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni gìtá yẹn ṣe máa ń ṣe láyé ìyá rẹ̀: bí ọwọ́ èèyàn bá ti kan okùn, kíkùn a dákẹ́, bí ọwọ́ bá kúrò, kíkùn a padà.

Ọmọ mi fọwọ́ kàn án. Kíkùn kò dákẹ́.

Wáyà lu iwájú orí ara rẹ̀. "Áà! Mo gbàgbé wáyà kan. Èyí tó ti ìdí okùn wọ inú lọ. Òun ló máa ń gbé ọwọ́ èèyàn dé ọ̀dọ̀ iná. Nígbà tí kò sí níbẹ̀, kò sí ọwọ́ tó lè dá a lẹ́kun. Ọ̀la ni màá fi sí i."

Ó ní kí ọmọ mi gbé ọwọ́ kúrò. Ó gbé e kúrò. Àwa mẹ́ta dúró, ọwọ́ wa sílẹ̀, a ń wo gìtá lórí àga.

Kíkùn dákẹ́.

Kò rọra lọ sílẹ̀ o. Ó dákẹ́ lójijì, bí ìgbà tí ọwọ́ bá kan okùn. Iná pupa ara ẹ̀rọ ṣì ń tàn. Mo gbọ́ aago ara ògiri. Mo gbọ́ mími ara mi. Lẹ́yìn náà ni kíkùn padà.

"Kò ṣeé ṣe," ni Wáyà wí.

Ọmọ mi bo ẹnu rẹ̀. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Mọ́mì ni."

Wáyà gbé súkúdíráfà rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀."

Láti ìgbà náà, ọmọ mi a jókòó ti gìtá náà lọ́sàn-án. Kí ó tó fọwọ́ kàn án ni kíkùn yóò ti dákẹ́. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ibi iṣẹ́ mi ní ẹ̀yìnkùlé. Ohùn tí kò lè lù tẹ́lẹ̀, ó ń lù ú. Ó ń lù ú dáadáa. Èmi a dá òòlù dúró láti gbọ́. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ó ní gbogbo ẹni tó ń kọ́ gìtá ni ìka rẹ̀ ń bó. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ àga. Mo gbọ́ ohùn kan láti inú ilé. Ohùn kan náà. Ohùn kan náà. Ó ń le sí i ni. Lẹ́yìn náà, kò sí ohùn mọ́. Àdúgbò dákẹ́. Ewé kò mì.

Ọmọ mi wá figbe ta.

Mo bá a lórí àga, gìtá lórí itan rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ lára ọrùn gìtá. Okùn ti rì sínú ẹran ìka rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba ara igi tí mo fi ọwọ́ mi ha. Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fa ọwọ́ rẹ̀. Kò mì.

"Bàbá, ẹ má fà á! Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!"

Mo pariwo orúkọ Wáyà láti ojú fèrèsé. Ó sáré wọlé, pílásì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná. Lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀, ó fi pílásì sí okùn tó nípọn jù, ó gé e.

Okùn náà fò sókè bí ejò. Ojú Wáyà ló bà sí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó wọlé, ohùn kékeré, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún ọsàn. Wáyà ṣubú sẹ́yìn, ó di ojú rẹ̀ mú, ó ń pe ìyá rẹ̀. Mo gba pílásì. Mo gé èkejì. Ó là mí lọ́wọ́. Mo gé gbogbo wọn. Gbogbo okùn ti já, wọ́n rọ̀ sílẹ̀ bí irun.

Ọwọ́ ọmọ mi kò kúrò.

Mo rí i. Kí Ọlọ́run jẹ́ ẹlẹ́rìí mi. Mo rí bí ẹran ìka rẹ̀ ṣe ń jìn wọlé lórí igi lásán, ní ibi mẹ́rin, bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá gbé ìka lé ìka rẹ̀ tó sì ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ibi tó jìn náà ń rìn. Wọ́n ń lọ láti ìka dé ìka. Orin ni wọ́n ń lù. Egungun kan ṣẹ́, ó dún bí igi gbígbẹ. Òmíràn ṣẹ́.

Mo sáré mú ayùn mi. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí gìtá mọ́ àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ọrùn rẹ̀. Igi tí kò le ni, mo mọ̀ ọ́n, mo ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Àmọ́ ayùn kò fẹ́ lọ. Bí mo bá tì í, nǹkan kan ń dá a padà. Ọmọ mi ti dákẹ́, ojú rẹ̀ ti yí sókè. Mo rẹ́ ẹ bí ẹni tó ń rẹ́ ọrùn ẹran. Nígbà tí ó já, ọwọ́ ọmọ mi jábọ́ sórí itan rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí kò sí lára iná mọ́ wá dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohùn ìsàlẹ̀, tó rinlẹ̀. Fèrèsé gbọ̀n.

Ilé ìwòsàn kò lè dá ojú Wáyà padà. Wọ́n di ọwọ́ ọmọ mi. A sọ fún dókítà pé ẹ̀rọ ìrẹ́gi ló mú un. Ó wo ọrùn ọwọ́ ọmọ náà pẹ́ títí, ó sì wo èmi náà. Àpá ìka wà níbẹ̀, dúdú, ó yí i po.

Wáyà jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì, bándéèjì lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pọ̀n mí dàgbà. Wọn ò lè ṣe mí báyìí."

"Mo mọ̀."

"Ta wá ni?"

Mo wo ọwọ́ ara mi. Mo ti wọn àpá náà pẹ̀lú ojú. Ọwọ́ ìyàwó mi kéré. Nínú àtẹ́lẹwọ́ mi ni ó máa ń sùn sí. Èyí tí mo rí lára ọmọ mi, ó tóbi ju tèmi lọ.

Mo dáná sun gìtá náà pẹ̀lú àjákù pákó. Mo gbé ẹ̀rọ lọ jù nù. Mo rò pé ó parí.

Wọ́n tú bándéèjì ọwọ́ ọmọ mi. Ìka rẹ̀ kò nà mọ́. Wọ́n tẹ̀ kọdọrọ bí ẹni di ọrùn gìtá mú. Kò sunkún. Lánàá, ó ti ìgboro dé pẹ̀lú béèsì mìíràn nínú ọ̀rá, èyí tí kò tilẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ó gbé e ka orí tábìlì iṣẹ́ mi, láàárín èérún igi.

"Bàbá, ẹ bá mi tún un ṣe."

"Kò ní ṣẹlẹ̀."

"Wọn ò fẹ́ pa mí. Wọ́n ń kọ́ mi ni. A ò tíì dé ìparí."

"Ọmọ mi, kì í ṣe ìyá rẹ nìyẹn."

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ tutù. "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n padà wá mọ́?"

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ká apá aṣọ rẹ̀ ti òsì sókè láti họ ara. Mo wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò sí àpá níbẹ̀ mọ́. Ó ti mọ́ tónítóní. Òkè ìgbọ̀nwọ́ ni mo ti rí i, ìka márààrún, dúdú, wọ́n di apá rẹ̀ mú.

Láàárọ̀ yìí, ó jókòó síwájú mi láti jẹun. Ooru ti mú láti ìdájí. Aṣọ òtútù tó bo ọrùn dé àgbọ̀n ni ó wọ̀. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú àwo.

N kò tíì lè sọ fún un pé kí ó bọ́ ọ.