Aago Sọ́jà Tí Kì í Tutù

Aago náà ń lọ́ wọ́ọ́wọ́. Kì í ṣe oòrùn ló mú un bẹ́ẹ̀, orí tábìlì lábẹ́ fáànù ni Ọlábánjí máa ń gbé e sí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tó bá wẹ̀ tán tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ńṣe ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dà bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ lọ́wọ́ ni.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti rà á ní Malu Road. Ọlábánjí kì í ṣe aláfẹ́ o. Iṣẹ́ ló wá aago fún. Ọ́fíìsì àwọn ajẹ́ńtì kan tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá, ní Wharf Road, ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń kọ àkókò tí tírélà kọ̀ọ̀kan wọlé àti àkókò tí ó jáde. Aago mẹ́ta ló ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọdún kan: òjò pa ọ̀kan, eruku pa ọ̀kan, ìlẹ̀kùn kọ̀nténà ló fọ́ ẹ̀kẹta. Ló bá ní aago gidi lòun máa rà báyìí, irú èyí tí àwọn sọ́jà ń wọ̀, tí òun á máa wọ̀ lójoojúmọ́ láìbẹ̀rù.

Ọkùnrin tó tà á fún un ń tún aago ṣe nídìí tábìlì kékeré kan. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, kì í wojú èèyàn. Nígbà tí Ọlábánjí ní kò sí èyí tó wu òun nínú gbogbo aago orí tábìlì, ọkùnrin náà bọ́ tọwọ́ ara rẹ̀. Dúdú ni, ó wúwo, ojú kéékèèké mẹ́ta wà nínú ojú rẹ̀ ńlá, bọ́tìnnì méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ti òkè ló ń mú un máa ka ìṣẹ́jú," ó rọra sọ. "Tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, á dúró. Ti ìsàlẹ̀ á dá a padà sí òdo."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ máa wọ̀?"

"Àkókò ò ṣe mí ní nǹkan kan mọ́, ọ̀gá mi."

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, àmọ́ owó pọ́ọ́kú ni ọkùnrin yìí dá lé aago rẹ̀. Ó yẹ kí ara fu Ọlábánjí. Ṣùgbọ́n ta ló ń bínú sí ọjà pọ́ọ́kú? Kò tilẹ̀ nájà.

Ní Sátidé kan, ó ń bá lánlédì rẹ̀, Mọ́mì Morádéún, gbé gálọ́ọ̀nù omi wọlé ní Ajégúnlẹ̀. Opó ni màmá náà, taípíìsì ló ṣe fẹ̀yìntì ní Àpápá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì ti kú kí Ọlábánjí tó di ayálégbé rẹ̀. Bí ó ṣe na ọwọ́ gba omi ni ojú rẹ̀ bọ́ sára aago.

"Bánjí, bọ́ ọ kí n rí i."

Màmá gbà á, ó yí i padà. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ họ àgbélébùú kékeré sẹ́yìn rẹ̀. Ihò kan sì wà lára okùn awọ rẹ̀ tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló lu ú.

"Ìṣó ni mo fi lu ihò yìí," ni màmá wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń dá gbàdúrà lọ. "Ọwọ́ Reuben, ọmọ mi tó ṣe sọ́jà, tínínrín. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé láti Màídúgùrí, èmi ni mo so aago yìí mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú pósí. Ìṣojú mi ni wọ́n ti kan ìdérí pósí."

Ọlábánjí sọ bí ẹni tó tà á fún un ṣe rí: ó ga, ó ní èjí, àpá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ta ni kò gbọ́ nípa akúdàáyà rí? Ẹni tó kú tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, a lọ máa gbé níbòmíràn, a máa ṣiṣẹ́, a máa jẹun. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yọ sí i tó sì pè é, a pòórá, a tún lọ bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn lọ́nà jíjìn. Màmá mọ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, abiyamọ ni.

"Mi ò ní sún mọ́ ọn. Kí n ṣáà rí i pé ó ń jẹun. Mú mi lọ."

"Mọ́mì, tó bá tún lọ ńkọ́?"

"Orúkọ rẹ̀ ò ní jáde lẹ́nu mi."

Ní Mọ́ńdè, lọ́sàn-án gangan, wọ́n dúró sẹ́yìn tírélà kan ní òdìkejì Malu Road. Màmá fi ìborùn bojú dé imú. Reuben rèé nídìí tábìlì rẹ̀, ó tẹrí ba sórí aago oníbàárà kan.

"Tẹ̀ ẹ́," ni màmá wí. "Kí n mọ iye ìṣẹ́jú tí Ọlọ́run fún mi."

Ọlábánjí tẹ bọ́tìnnì òkè. Ọwọ́ pupa tínínrín kan lójú aago gbéra.

Reuben gbé irin iṣẹ́ sílẹ̀, ó ṣí abọ́ ìrẹsì, ó ń jẹun. Chinedu tó ń ta ike ìbòrí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ nǹkan kan, Reuben sì rẹ́rìn-ín tí èjí rẹ̀ fi hàn. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ òun ti sanra díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀. Kò pe Reuben o, ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ṣùgbọ́n oríkì ló fi ń jí ọmọ yìí láràárọ̀ láti kékeré, oríkì náà ló sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Àjàní, ọkọ mi."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ariwo fèrè ọkọ̀ ojú ọ̀nà, Reuben gbé orí sókè, ó wo ọ̀gangan ibi tí wọ́n wà. Tánkà kan kọjá láàárín wọn. Nígbà tó kọjá tán, àga ti ṣófo. Ṣíbí ṣì dúró nínú ìrẹsì.

"Oga Soja?" Chinedu ń wò yíká. "Ah-ah! E dey chop here now now!"

Ọlábánjí wo aago. Òun kò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ti dúró ní ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn aago náà tutù.

Nígbà tí wọ́n dé Boundary ní Ajégúnlẹ̀, màmá ká ìborùn kúrò lójú.

"Èmi ni mo lé e."

"Mọ́mì, ó rẹ́rìn-ín sí yín kó tó lọ."

Irọ́ ni, tánkà ti dí i lójú. Àánú ló mú un pa á, ta ló máa bá a wí? Ó bọ́ aago náà fún màmá, ó sì padà sídìí aago yẹpẹrẹ tí òjò ń pa.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ó kù díẹ̀ kí Ọlábánjí jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni màmá kanlẹ̀kùn. Ó kàn fi aago náà sí àtẹ́lẹwọ́ Ọlábánjí.

Ó ń lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ọwọ́ pupa náà sì ń sáré, láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

"Mọ́mì," Ọlábánjí rọra sọ, "ṣé ká wá a lọ ni?"

Màmá gba aago rẹ̀. Ó so ó mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ní ihò tó fi ìṣó lu.

"Rárá o," ó ní. "Kó ṣáà máa jẹun níbi tó wà."